Àjọ yín ti bọ́ sọ́wọ́, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Iléṣà ni mo ń gbé, mo ti pé ẹni ọdún 46, ìjọba ìbílẹ̀ ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ọmọ mi àgbà ti wọ yunifásítì, èkejì náà ń lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Kò sí ohun tó ṣe mí tí mo lè nàka sí. A ò jà nílé, a sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga ni màá jókòó sí, màá kàn máa wo fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ń ṣe mí bíi pé ayé mi ti parí láì tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tá a jọ jáde ìwé ń lọ Dùbáì, wọ́n ń lọ jíìmù, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti ń ya àwòrán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àjọ mi ni. Ṣé kí n fi lọ Dùbáì, àbí kí n fi wọ jíìmù, tàbí kí n fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan? Bàbá àwọn ọmọ ní kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe.”

Lẹ́tà yìí ti wà lọ́wọ́ mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò tètè dáhùn, nítorí ohun tí arábìnrin yìí béèrè yàtọ̀ sí ohun tó ń dùn ún. Ibi tí òun máa náwó àjọ sí ló béèrè. Ohun tó ń dùn ún ni pé ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, kò sì sí nǹkan kan láàárín méjèèjì tí ọkàn rẹ̀ ń fojú sọ́nà fún. Ọdún 29 ni mo fi ṣe iṣẹ́ físíò níbí, ní Ilé-Ifẹ̀. Àwa la máa ń kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ bí yóò ṣe tún dìde rìn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹni tó ń tún ìrìn kọ́ kì í dákẹ́, ó máa ń sọ tinú rẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, torí náà mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, olówó àti mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin nìkan kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ ń jẹun, pé ẹ ò jà nílé, bíi pé ẹ ń tọrọ àforíjì kí ẹ tó sọ ẹdùn yín. Mo mọ ibi tíyẹn ti wá. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé, bó bá tún ń ráhùn, wọ́n á ní aláìmoore ni, wọ́n á ní kí ló tún ń wá. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ àti àárẹ̀ ọkàn lè jọ gbé inú ilé kan. Mo ti rí ẹni tó jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó dúpẹ́ tọkàntọkàn, tó sì jẹ́ pé nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò rí okun tó máa fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò purọ́ fún Ọlọ́run. Òótọ́ ni ọpẹ́ rẹ̀, òótọ́ sì ni àárẹ̀ rẹ̀.

Lórí Dùbáì, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Èmi náà lọ, lọ́dún tí mo pé ẹni ọdún 51. Ọkọ mi ti ṣaláìsí lọ́dún méjì ṣáájú, àwọn ọmọ ní kí n lọ gba atẹ́gùn sára, wọ́n sì dáwó jọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Mo gun Burj Khalifa, ilé tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 828. Mo ya fọ́tò títí fóònù mi fi ní kò sáyè mọ́. Mo dé, mo pín súwìtì àti lọ́fínńdà, wọ́n kí mi kú àbọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún bá ara mi lórí àga kan náà ní pálọ̀, tí mò ń wo ògiri kan náà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, nítorí mo ti fọkàn sí i pé ìrìn-àjò yẹn ni oògùn mi. Mo wá bi ara mi pé kí ni mo rántí nínú gbogbo ọjọ́ mẹ́fà náà. Ilé gíga yẹn kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Obìnrin kan ni, tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì lórí òfì kékeré níwájú ìsọ̀ kan. Ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n wá gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo ta kókó, ó tú. Mo tún un ta, ó tún tú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó di ìka mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà kẹrin ni kókó náà tó dúró. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rántí pé opó ni mí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Arábìnrin mi, ó ti pẹ́ jù tí ẹ ti ṣe ohun tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wò ó: lẹ́yìn ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ẹ lè dijú kí ẹ sì nawọ́ mú fáìlì tí ẹ ń wá. Nílé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín ìgbà tí iyọ̀ bá tó lọ́bẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi ìbéèrè da yín láàmú láàárọ̀ àti lálẹ́ ti ń lọ. Níbi gbogbo tí ẹ bá dé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n ń bi. Iyì ni, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ohun téèyàn bá ti mọ̀ tán, kì í kíyè sí i mọ́, ojú oorun ló ti ń ṣe é. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti jọ ọ̀sẹ̀, tí oṣù jọ oṣù, èèyàn á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé ọdún márùn-ún ti lọ, kò sì ní rí àmì kan tó máa fi dá ọdún kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Mo gbà pé òun ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ayé yín ti parí.

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo máa ń rí ìdàkejì rẹ̀. Káfíńtà kan wà, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Iṣẹ́ tá a fún un ni pé kó máa de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi bá bọ́tìnì kan ṣoṣo jà. Á mú un, á yọ́ bọ́, á tún un mú, òógùn á máa ṣàn níwájú orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́tìnì yẹn wọlé, ó kígbe tó jẹ́ pé gbogbo wa nínú yàrá la yíjú. Ọkùnrin tó ti kan òrùlé sórí ilé onílé fún ogójì ọdún ni o. Mi ò gbàdúrà kí irú àìsàn yẹn ṣe ẹnikẹ́ni. Igbe yẹn ni mò ń wá fún yín, láìsí àìsàn nínú rẹ̀.

Torí náà, ìrìn-àjò, ìdárayá àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ má wò wọ́n bí ọjà mẹ́ta tí owó yín tó ra ọ̀kan nínú wọn. Ohun kan náà ni wọ́n lè ṣe fún yín: kí ẹ tún di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra, nítorí ara tó ti rẹ̀ kò lè kọ́ nǹkan kan.

Ara ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí sísanra; ẹ ò sọ fún mi pé ẹ sanra, mi ò sì bi yín. Àwọn tó wọ jíìmù nítorí ikùn nìkan sábà máa ń fi í sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí ikùn kì í tètè lọ, ọkàn wọn á sì rẹ̀wẹ̀sì. Èmi náà ti san owó ọdún kan rí ní jíìmù kan, ìgbà 11 péré ni mo lọ. Ó jìnnà sílé mi, n ò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín lórí àga yẹn lálẹ́, ẹ pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́. Àárẹ̀ àìrìn ni. Láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin, ẹ wà lórí ìjókòó. Ọ̀kadà gbé yín lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó sọ̀ yín kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Iṣan ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí oorun wọra dáadáa, ẹni tí kò sì sùn dáadáa á jí pẹ̀lú àárẹ̀, á tún wá àga tó máa jókòó sí. Bó ṣe ń yí po nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó sì máa ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun lọ́jọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ pín 150 yẹn sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ ló máa já sí. Ìrìn tó. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀ ń rìn bó ṣe yẹ rèé: bí ẹ bá lè kọ orin ìyìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí gúlegúle, ẹsẹ̀ yín ń falẹ̀, bí ẹnì kan bá kí yín “ẹ káàárọ̀” tí ẹ kò sì lè dáhùn, ẹ ti ń yára jù. Kí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kí orin má rọrùn, ibẹ̀ ni mo ní kí ẹ wà. Iléṣà sì ràn yín lọ́wọ́, ìlú tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ẹ ò nílò ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ jọ̀wọ́. Sálúbàtà ti gbé ọ̀pọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ wá bá mi nílé ìwòsàn. Kí ẹ máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ẹ má sì máa gba ojú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Àtákúmọ̀sà lónìí, ẹ gba Òkèṣà lọ́la, kí ẹ ya àdúgbò tí ẹ kì í yà sí lọ́tùúnla. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe gbé Ilé-Ifẹ̀ fún ogún ọdún láì mọ iye ojúbọ tó wà láàárín ilé mi àti Ẹnuwá, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn ín.

Ti iṣan kò gba owó rárá. Ẹ jókòó lórí àga tó le, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ tún jókòó jẹ́jẹ́. Ìgbà mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yìn ogójì ọdún ni iṣan wa ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí a kò bá lò ó, èyí tó wà nítan ni mo sì máa ń wò kí n tó mọ ẹni tí yóò lè dá dìde lórí ìjókòó ṣálángá nígbà tó bá pé ẹni àádọ́rin ọdún. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà ná. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín lẹ́nu ìdárayá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Jíìmù kò burú o. Bó bá wà nítòsí yín, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹ lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ yín rìn fún oṣù méjì kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù. Ẹ rò pé ẹ kì í rìn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Sátidé mélòó lọ́dún tó kọjá lẹ ò fi wọ aṣọ ẹbí lọ sí òkú ní Àkúrẹ́, ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, ìsọmọlórúkọ ní Òṣogbo? Ẹ̀ ń rìn ju àwọn tó ń lọ Dùbáì lọ, àmọ́ ìrìn tẹlòmíràn lẹ ń rìn. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ jókòó sábẹ́ tẹ́ǹtì, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ gba ẹ̀bùn, ẹ wọ mọ́tò padà. Ẹ ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn tẹ́ǹtì yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni yín! Àwọn baba yín tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló gbé aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ yìí, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi gbowó wọn. Ìrìn ajé nìyẹn. Èyí tí mò ń bá yín sọ ni ìrìn tí kò mú nǹkan bọ̀ wálé ju ohun tí ojú rí lọ.

Ìsun omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí yín, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ni. Ìpele méje ni omi náà ní. Mo ti bi àwọn ará Iléṣà tó pọ̀ bóyá wọ́n ti débẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìgbà tí wọ́n wà nílé ìwé ni wọ́n lọ, pẹ̀lú tíṣà. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn tí mo dàgbà, mo gbọ́ ìró omi kí n tó rí i, otútù rẹ̀ sì ti kàn mí lójú nígbà tí mo ṣì wà láàárín igi. Ìpele kìíní rọrùn, èyíkéyìí nínú wa ló lè débẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó gbẹsẹ̀, ó gba ọwọ́, ó gba kéèyàn máa dúró mí. Ní àsìkò òjò, omi a pọ̀, ó a sì rẹwà, ṣùgbọ́n àpáta a máa yọ̀. Ẹ mọ níwọ̀n ní ìpele kìíní. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, omi a dín kù, ẹsẹ̀ a sì lè mú ilẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ bá ti ń rìn láràárọ̀, ẹ padà lọ, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ ti mí lẹ́ẹ̀kíní lẹ máa ti mí lẹ́ẹ̀kejì. Níbẹ̀ ni ẹ máa ti mọ̀ pé ìdárayá àti ìrìn-àjò kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa ní Ifẹ̀, ẹ lọ sí Músíọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kí ẹ dúró síwájú orí amọ̀ kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má sáré yí yàrá po. Ẹ máa rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ti iwájú orí ṣàn wá sí àgbọ̀n, ẹ máa rí bí ètè ṣe nípọn ní etí, bíi pé onítọ̀hún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ èèyàn ló fà á lórí amọ̀ tútù ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, irú orí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe ni wọ́n ń bá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ya ibi Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, kí ẹ fojú ka àwọn ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ohun kan ni mo máa ń bẹ èèyàn sí: ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú báàgì fún wákàtí kìíní. Ẹ bi ẹnì kan níbẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ẹ ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, ojú ewé kan péré. Àwọn ìwé tèmi ti di mẹ́rin báyìí, wọ́n sì ń fi ọdún kan hàn mí yàtọ̀ sí èkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Mo fẹ́ kí ẹ lọ síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ sọ. Èrò rẹ̀ ni pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nínú igbó yẹn, ẹ máa rí àwọn ère sìmẹ́ńtì ńláńlá tó ga ju ilé lọ. Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. 1915 ni wọ́n bí i, ó sì ti kọjá ogójì ọdún kó tó fọwọ́ kan ère kìíní níbẹ̀. Ó ń bá a lọ títí ó fi kú ní 2009. Lóòótọ́, ó ti kọ́ṣẹ́ àwòrán láti ìlú wọn. Ṣùgbọ́n Adébísí Àkànjí tó bá a ṣiṣẹ́, bíríkìlà ni. Ní Òṣogbo kan náà láyé ọdún 1960, Jimoh Buraimoh tó ń tún iná ṣe fún eré Dúró Ládípọ̀ di ayàwòrán, Twins Seven-Seven sì jẹ́ oníjó nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí, mi ò ní fi wọ́n tàn yín. Ohun tí mo fi wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ tí ọwọ́ èèyàn ti mọ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti kọ́ òmíràn.

Èwo nínú iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ kọ́? Mi ò lè yan án fún yín. Ẹ rántí ohun tí ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ń fi bá yín wí pé ẹ ń ṣeré. Tèmi ni àdìrẹ. Ẹni ọdún 53 ni mí nígbà tí mo lọ bá ìyá aláró kan ní Òṣogbo pé kó gbà mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé ṣé ọmọ mi ló fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni. Àdìrẹ oníko ló fi bẹ̀rẹ̀ fún mi: ẹ máa fi ìko so aṣọ ní kókókókó, bóyá ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró èso sínú rẹ̀, kí aró má lè wọ ibi tí ẹ so. Èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ kọ sára aṣọ, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ tó ti dúró ló ń ṣe é, ó sì tó ọdún kan kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ́. Aṣọ mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ so, aró wọ gbogbo rẹ̀, kò fi ibi funfun kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n màá sọ ohun tó mú mi padà lọ fún yín. Aṣọ tó bá jáde nínú ìkòkò ẹlú kì í tíì dúdú. Àwọ̀ ewé tútù ló máa ń ní, ó tún pọ́n díẹ̀. Ẹ gbé e sókè, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó wá ń yí padà níṣojú yín, láti etí aṣọ lọ sí àárín, ewé ń di aró, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá aláró á ní, “Ẹ tún un rì.” Ẹ rì í, ẹ gbé e, ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, kó tó dúdú bó ṣe yẹ. Téèyàn bá dúró ti aṣọ bẹ́ẹ̀, kò ní rántí fóònù.

Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo kẹ́míkà dípò ẹlú, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe báyìí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣe é níta gbangba, ẹ má sì lo ìkòkò tí ẹ fi ń se ọbẹ̀; kọ́sítíìkì sódà a máa bó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ tún gbọ́ èyí. Kò ní pẹ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á ní, “Ó dáa o, ẹ máa tà á.” Ẹ fún ara yín ní ọdún kan kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Mo gba owó aṣọ ìgbéyàwó lọ́dún kejì mi, bí mo ṣe gbowó báyìí ni ọjọ́ ìkó-ọjà wọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ayọ̀ rẹ̀ bá lọ. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ayọ̀ yẹn tó padà. Ẹni tí àìlówó ń dà láàmú lè tà á lọ́jọ́ kejì, mi ò dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ń gba owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan wà láyé yín tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ó níbi tí ọ̀rọ̀ mi mọ. Bí ó bá jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni ọkàn yín ń bàjẹ́, tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tàbí tí èrò ikú ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má lọ so àdìrẹ. Dókítà ni kí ẹ lọ bá, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà nínú Iléṣà lọ́dọ̀ yín. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Lọ́jọ́ orí yín náà, nǹkan oṣù lè máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ó a máa mú ooru bo èèyàn lóru, ó a máa lé oorun, ó a máa yí inú padà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó dín. Ìrìn àti iṣẹ́ ọwọ́ kò sì lè tún ilé tó ti dàrú ṣe, wọn ò lè san gbèsè. Mo ṣì ń ṣe àárò ọkọ mi. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan ṣì wà tí màá jókòó sórí àga yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀ léra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fún un tó oṣù mẹ́rin kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Owó àjọ náà ńkọ́? Ẹ ra bàtà ìrìn kan tó dáa. Ẹ ya owó mọ́tò sọ́tọ̀ fún ìrìn ọjọ́ kan lóṣooṣù títí ọdún á fi yí po: Erin, Ifẹ̀, Òṣogbo, Ìkógòsí níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, kí ẹ wá fi òkè Ìdànrè parí rẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ẹsẹ̀ yín á ti le nígbà náà. Ẹ san owó ìkọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyókù wà ní báńkì. Bí Dùbáì bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lọ, mi ò lòdì sí i, ẹ sì bá mi wá obìnrin oníkápẹ́ẹ̀tì yẹn.

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má bá a jà. Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́ kúrò nílé, tí ìyàwó rẹ̀ tún ń sọ pé òun fẹ́ rìnrìn-àjò, ẹ̀rù lè máa ba òun náà kó má sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Mo ti rí i lára àwọn ọkọ tó ń bá ìyàwó wọn wá sọ́dọ̀ mi: àwọn tó ń kùn jù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè pé ṣé àwọn náà lè ṣe ìdárayá náà. Bí ẹ bá fẹ́ lọ Erin lóṣù yìí, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ dé ìpele kìíní, ẹ ò sì ní ẹni tó máa di ọwọ́ yín mú níbi tí àpáta ti ń yọ̀.